Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún Tí Ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ké

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ẹ̀rọ tó ń fún ẹ̀gbọ́n mi ní afẹ́fẹ́ fi ké nínú yàrá wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí èmi sì ń bi gbogbo ayé pé kí ló ń ṣe é. Mo béèrè lórí fọ́rọ́ọ̀mù. Mo béèrè nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lórí fóònù. Mo ka wíkì títí ojú fi ń ta mí. Mo wọ lísìtì ìméèlì àwọn àgbà kan tí mi ò fojú rí rí. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, inú ṣì ń bí mi. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi le, ẹ mọ̀ pé mo ti dín in kù.

Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni wọ́n ti bí wa, ṣùgbọ́n Alímòṣọ́ ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn, ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìwé níbẹ̀ ti di bàbá ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀dọ̀fóró wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, dókítà ò fi bò fún wa rárá. Ó ní, "Wákàtí mẹ́rìndínlógún lóòjọ́ ni kí wọ́n máa wà lórí ọ́síjìn. Bí ẹ bá lè ṣe é nílé, ó dáa. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ dá wọn padà wá."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ibùsùn mẹ́fà ló wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì ti rí i tí wọ́n gbé ẹni mẹ́rin jáde níbẹ̀ tí wọn ò gbé wọn padà. Nígbà tí a délé, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Wò ó, àbúrò. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kí n padà síbẹ̀. Bí mo bá tiẹ̀ máa kú, jẹ́ kó jẹ́ nínú ilé mi." Mo ní mo ti gbọ́. Mo ṣèlérí.

Àlòkù láti òkè òkun ni ẹ̀rọ náà. Ó ga tó orúnkún àgbà, ó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́rin lábẹ́. Ẹ̀yìn ló ti máa ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, á sẹ́ ẹ, á wá fi ọ́síjìn ránṣẹ́ gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sí imú ẹ̀gbọ́n mi. Bí iná ara rẹ̀ bá jẹ́ gíríìnì, àlàáfíà ni. Bí ó bá di yẹ́lò, ọ́síjìn tó ń jáde ò tó mọ́. Oṣù méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Ọkọ mi, ẹ̀rọ yìí ń ké o."

Ọkọ mi ló máa ń pè mí, nítorí wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé wa. Mo bi í pé ó ń ké báwo.

"Pí, pí, pí, bí òròmọdìyẹ tó sọnù. Iná ẹ̀ ti di yẹ́lò. Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n má pè yín o. Ẹ máa bọ̀ kíákíá."

A yá sílíńdà ọ́síjìn ní Ìyànà Ìpájà kí ẹ̀gbọ́n mi lè máa fi mí ná, èmi sì gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà kan ní Ìkòtún tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́. Ó tan án. Ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, iná gíríìnì ò yẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ò ní nǹkan kan ṣe. Iná ilé yín ló burú." Mo gbé e padà sílé. Kò ju wákàtí kan lọ, pí, pí, pí. Mo wá ẹni tó yẹ iná ilé wò, kò rí àléébù kankan. Mo tún gbé ẹ̀rọ lọ sí Ìkòtún, iná tún jẹ́ gíríìnì. Ẹnjiníà wò ó, ó wò mí. "Ọ̀gá, àbí ẹ̀rọ yìí nífẹ̀ẹ́ mi ni?"

Ibi tí mo ti yíjú sí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Fọ́rọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ yà sí, ìyẹn gbàgede tí ènìyàn ti ń gbé ìbéèrè sílẹ̀ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáhùn lójú gbogbo ayé. Àwọn tó ń tún irinṣẹ́ ọsibítù ṣe ló ni èyí tí mo rí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ. Èmi ni mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín. Mo fi ìdajì ọjọ́ kọ ìbéèrè mi. Mo sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, pé àlòkù ni, ibi tí a ń gbé, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye ìṣẹ́jú tó máa ń lò kó tó ké. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ fi fọ́tò kún un. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n palẹ̀ mọ́." Mo dúró. Ó palẹ̀ mọ́, ó fi àkísà tútù nu ẹ̀rọ, ó ti bàtà àti ike omi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ya fọ́tò mẹ́rin. Ẹ̀rọ náà dà bí ẹni pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ dé kí wákàtí kan tó pé. "Wá a fúnra rẹ kí o tó wá da ìbéèrè sílẹ̀ níbí." Èkejì: "Ẹ̀rọ tó ń lo iná 110 ni àwọn ará ibẹ̀ ń kì bọ iná 220, wọ́n á wá máa sunkún." Mo dáhùn pé 220 ni ẹ̀rọ yìí ń lò, ó hàn gbangba nínú fọ́tò kẹta. Ẹ̀kẹta: "Fọ́tò rẹ mọ́ jù. Àlòkù kì í mọ́ báyìí. Ṣé o fẹ́ tà á ni?" Ẹni mẹ́sàn-án fi àmì ẹ̀rín sí i. Mo ka àwọn ẹlẹ́rìn-ín náà níkọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mo ń gbọ́ bí sílíńdà ṣe ń súfèé lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo gbé ìbéèrè náà sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ibẹ̀ dé. "Ìbéèrè yìí ti wáyé rí. Mo ti tì í." Kò sí ẹni tó tún lè dáhùn mi níbẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ó fi líǹkì kan sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Àṣé òótọ́ ni: ọkùnrin kan ti béèrè ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Irú ẹ̀rọ kan náà, iná yẹ́lò kan náà, lẹ́yìn wákàtí kan náà. Mo jókòó dáadáa. Àwọn ènìyàn bi í ní èyí, ó dáhùn. Wọ́n bi í ní tọ̀hún, ó dáhùn. Ó gùn títí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọkùnrin náà kọ ọ́ sí pé: "Mo ti rí i yanjú. Ẹ ṣé, gbogbo yín."

Mo wo ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo padà sókè, mo tún wá sísàlẹ̀. Kí lo ṣe? Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo ṣe? Àwọn ènìyàn dá iṣẹ́ wọn dúró, wọ́n bá ọ ronú, o jẹ, o yó, o nu ẹnu nù, o sì di àwo dé ká má bàa mọ ohun tó o jẹ! Mo kọ lẹ́tà sí i. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti yọjú síbẹ̀ kẹ́yìn. Mo lu tábìlì, mo sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi yọ rọ́bà kúrò nímú.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sí," ni mo dá wọn lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè lọ. Mi ò tún pariwo nínú yàrá yẹn mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni mo fẹ́ bú. Ọ̀rẹ́ mi kan fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lórí fóònù, àwọn ènìyàn wa gidi, láti Ìkòtún títí dé Àkúrẹ́. Mo kí wọn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo sọ ohun tó ń ṣe wá. Kíá, wọ́n ti dáhùn. "Ẹ kú ìnira, sà." "Ọlọ́run á wo bàbá sàn." "Àmín." "Àmín lórúkọ Jésù." "Àmín yà Ọlọ́hun." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúrà ti lé ní ogójì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ń fi ọwọ́ ti àmín kan sókè lẹ́yìn òmíràn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìrẹsì. Láàárín wọn ni mo ti rí ọ̀kan: "Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì." Ìyẹn ni pé kí n wá bá òun sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Mo lọ.

"Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgàndò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi níbí. Aláìsàn ló ń lò ó."

"Ẹ ṣáà gbé e wá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́, kí gbogbo wa lè mọ̀ ọ́n?"

"Ọ̀gá, tí gbogbo wọn bá ti mọ̀ ọ́n, èmi wá ńkọ́?"

Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ bó ṣe kọ ọ́, nítorí kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó máa dáa tó bẹ́ẹ̀. Kí n tó gbé ẹ̀rọ lọ, mo fi bírò fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá lórí síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà wá ní ọ̀sán. Nígbà tí mo padà dé, iná gíríìnì ń tàn. Ó na ọwọ́ sí i bí ẹni ń fi ìyàwó hàn. "Mo ti tú u palẹ̀, mo ti tún un tò. Ó ti di tuntun." Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn. Ìlà bírò mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe fà á, kò yẹ̀ fún síkúrù kankan. Ohun tí mo sọ fún un, ìwé yìí ò lè gbà á. Nígbà tí mo délé, wákàtí kan, pí, pí, pí.

Wíkì ló kàn. Ojú ewé ni, ẹnikẹ́ni lè kọ sí i, ẹnikẹ́ni sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tù mí lára. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí n wá sí ìkọ̀kọ̀. Wọ́n kọ gbogbo nǹkan ní ẹsẹẹsẹ. Wọ́n ní ká fọ asẹ́ ẹ̀yìn. A fọ̀ ọ́, a sá a títí tó fi gbẹ. Wọ́n ní ká fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹ̀rọ àti ògiri; ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mú téèpù tó fi ń ránṣọ, ó fi wọn àyè náà, ó ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ. Wọ́n ní kó má sún mọ́ kọ́tìnì. A ká kọ́tìnì sókè, a so ó. Èyí tó gbẹ̀yìn ni: "Bí iná yẹ́lò bá ṣì ń tàn, kàn sí ẹni tó tà á fún ọ." Ẹni tó tà á fún wa! Fóònù ẹni yẹn ò wọlé mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tí a ti ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ka wíkì náà sókè fún àwọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí. "Tíṣà tó kọ ẹ̀kọ́ sára bọ́ọ̀dù tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìwé ẹ̀ mọ́ o. Ta ni ọmọ fẹ́ nawọ́ sí tí kò bá yé e?"

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, dókítà pè. Ó ní sílíńdà tí à ń gbé kiri yìí ò lè máa bá a lọ, bí ẹ̀rọ ò bá gbọ́ràn títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ká gbé wọn wá, wọ́n ti ní ibùsùn kan. Fóònù náà ń pariwo lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ yẹn ni mo wọ lísìtì ìméèlì. Ọ̀nà àtijọ́ ni: ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ á rí i gbà, ẹni tó bá wù á fèsì, gbogbo wọn á tún rí èsì náà. Lẹ́tà mi àkọ́kọ́ padà wá, kọ̀ǹpútà wọn ló dá a padà. Ó ní fọ́tò ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Mo yọ fọ́tò, mo tún un kọ. Ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè kan, mo fèsì. Ẹlòmíràn ní mo ti ṣe ohun tí kò bójú mu: òkè ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ni mo kọ èsì mi sí. "Níbí, ìsàlẹ̀ la ti ń fèsì." Ẹ̀kẹta ní òkè ò burú. Ẹ̀kẹrin ní ó burú jáì. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi bá ara wọn jà lórí òkè àti ìsàlẹ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá. Mo kà wọ́n tán pátá, mo rò pé ẹnì kan á dárúkọ ẹ̀rọ. Ẹnu wọn ò kan ẹ̀rọ. Mo wá rò ó pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá kú lọ́sẹ̀ yìí, èmi á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, ìsàlẹ̀ ni mo sì máa kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò dá sí ìjà náà. Mo mọ̀ ọ́n sórí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe. Púpọ̀ nínú ohun tí o kọ, èrò ni. Má sọ ohun tí o rò fún mi. Sọ ohun tí o rí."

Mo dìde kúrò lórí àga. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ké mọ́ àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ó kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí wá sọ ọ́ fún mi, ó sì jàre.

Ó kù díẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀: "O ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo oníṣẹ́, kì í ṣiṣẹ́ nílé. Kí ló wà nílé tí kò sí lọ́dọ̀ wọn? Dúró títí yóò fi ké. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ya fọ́tò yàrá náà bó ṣe rí gan-an, gbé e sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí o fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a fi ẹ̀gbọ́n mi sórí ẹ̀rọ, a ń retí. Ó ké. Mo yọ fóònù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sáré wọlé láti ìdáná, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ dúró! Ẹ ò rí bí ibẹ̀ ṣe rí ni?"

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ kí n bọ́ aṣọ ẹ̀ ná, kó lè hàn dáadáa."

"Fi sílẹ̀."

"Ilé wa lẹ fẹ́ fi han òyìnbó báyìí? Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá."

"Jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, póò ńkọ́? Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbé póò kúrò."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. "Fi póò sílẹ̀, jàre. Ẹlẹ́rìí ni póò náà."

Mo ya á. Aṣọ, àkísà, bàtà, póò, gbogbo ẹ̀ ló wọ fọ́tò.

Aṣọ tó ní òun fẹ́ bọ́ yẹn, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín tipẹ́, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ò kà á sí nǹkan kan. Nínú ilé yẹn, gbogbo ohun tó bá ń lo iná ló ní aṣọ tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, fíríìjì ní tirẹ̀, rédíò ní tirẹ̀, gbogbo wọn ní léèsì funfun létí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku títì Ìdímù ń wọlé lójú fèrèsé, ó rán ọ̀kan fún ẹ̀rọ ọ́síjìn. Búlúù ni, òun náà ní léèsì. Ó gé ihò kan fún rọ́bà, ó gé òmíràn kí iná rẹ̀ lè hàn síta. Ó bá ẹ̀rọ náà mu bí ìgbà tí tẹ́lọ̀ wọn bùbá fún ènìyàn. Bí mo bá fẹ́ ya fọ́tò, á bọ́ ọ. Bí mo bá ń gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, á bọ́ ọ, á ká a sínú dúrọ́ọ̀. Bí mo bá gbé e dé, á tún wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ náà ti ń mí, lábẹ́ aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì ni èsì dé, ìlà kan ṣoṣo: "Kí ni nǹkan búlúù tó bò ó yẹn?"

A bọ́ aṣọ náà. A jókòó. Wákàtí kan kọjá, gíríìnì. Wákàtí mẹ́ta, gíríìnì. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, a rí i pé ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú láìké lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di aṣọ yẹn mú.

"Èmi ni mo di imú ọkọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an."

"Ta ló ní kó o fi léèsì sí i?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé èmi kọ́ ni? Dìde nílẹ̀, ebi ń pa mí."

Mo bọ́ sí bákónì, mo fi orí gbá ògiri. Mo jókòó ti aṣọ yẹn fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mo bi òyìnbó, mo bi ará Ìgàndò, mi ò bi obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láràárọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí lo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn tí o kì í ṣe tẹ́lẹ̀? Bí akọ̀ròyìn kan lábẹ́ mi bá kọ ìròyìn ìjàm̀bá láìbi ẹni tó ń gbé ibẹ̀ léèrè, ìta ló máa bá ara rẹ̀.

Mo wá ní kí n sọ ohun tí a rí, kí ẹlòmíràn má bàa jìyà rẹ̀. Lórí fọ́rọ́ọ̀mù, wọ́n ṣì ti ìbéèrè mi pa. Mo ṣí tuntun, wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ó ti wáyé rí. Nínú ẹgbẹ́ orí fóònù, wọ́n bá mi yọ̀, àmín sì tún rọ̀ bí òjò. Ọkùnrin Ìgàndò kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀: "Ọ̀gá, irú nǹkan báyìí, wọn kì í sọ ọ́ níta." Lórí lísìtì, àgbà tó ràn wá lọ́wọ́ dáhùn pé, "Ó dáa. Èmi ì bá má ronú kàn án láé." Lẹ́tà yẹn á wà níbẹ̀ títí ayé, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ lójú rẹ̀ ò ní lọ wú u jáde láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìjà òkè àti ìsàlẹ̀. Wíkì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Mo lọ síbẹ̀, mo kọ ìlà kan: "Má fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kódà bí aṣọ náà bá ní ihò."

Kí n tó bu omi mu tán, wọ́n ti pa á rẹ́. Ìdí tí wọ́n kọ sí i ni: "Kò wúlò. Kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo dá a padà. Wọ́n tún pa á rẹ́. "Orísun?" Mo kọ ọ́ pé orísun ọ̀rọ̀ náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, òun ló rán aṣọ, ojú rẹ̀ ló ṣe, ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ kú. "Ìyẹn kì í ṣe orísun."

Mo tún ìdí àkọ́kọ́ wọn kà. Kò sí ẹni. Obìnrin tó ń jí láàárín òru wo iná ara ẹ̀rọ, tó ń fi téèpù wọn ògiri nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí wíkì kan náà, òun ni "kò sí ẹni". Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí wá ń sọ fún mi pé kì í ṣe nǹkan kan.

Èmi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa fúnra mi, ẹbí mi ni. Mo pe obìnrin kan tó ń bójú tó ojú ewé ìlera ní iléeṣẹ́ ìròyìn mìíràn. Ó wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, ó jókòó ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún wá ẹlòmíràn kiri, kò sì rìn jìnnà: ó bá ẹ̀rọ ọ́síjìn kan ní Baruwa tó wọ aṣọ ìborùn tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì. Ó ní kí wọ́n ká a kúrò kí òun tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ìròyìn náà jáde, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo gbé ìlà mi padà sórí wíkì, mo fi líǹkì ìwé ìròyìn sí ìdí rẹ̀. Ẹni kan náà tó ń pa á rẹ́ ló dáhùn: "Ẹ ṣé fún orísun tó ṣeé gbára lé." Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Mo ka ìlà náà fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní pálọ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi kọ́ nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni."

"Èyí tí wọ́n ní kì í ṣe nǹkan?"

"Òun náà ni."

"Kí ló wá yí padà nínú ẹ̀?"

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pà! "Ẹ gbé fóònù yẹn wá. Ẹ bi wọ́n fún mi, ṣé ẹnu ìwé ìròyìn ló rán aṣọ ni? Àwọn aláìmoore! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ kọ ọ́!" Èmi náà dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti orí ọkùnrin "mo ti rí i yanjú" títí dé orí ará Ìgàndò, òun ń gbè mí lẹ́sẹ̀, ohùn wa gba gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi ké láti yàrá. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ bínú lójúde. Mo ń mí níbí."